Ilé Àgùdà tí ẹ jogún: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láì pa á

Ilé tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Kúbà padà wálé kọ́ sí Erékùṣù Èkó, ní Pópó Àgùdà àti àyíká rẹ̀, àti èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ògiri tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, fèrèsé onípákó aláwẹ́ méjì, òdòdó àti ewé tí wọ́n fọwọ́ mọ sí orí ilẹ̀kùn, àti pètẹ́ẹ̀sì tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Ọwọ́ kan náà ló wà lára mọ́sálásí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa àti Sanusi Aka kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1894.

Ohun méjì ló ń pa irú ilé yìí: omi, àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń wo àìsàn tí omi dá sílẹ̀. Ògiri amọ̀ tàbí bíríkì tí wọ́n fi láìmù (ẹfun sísun tí a fi ń rẹ́ ilé) rẹ́ máa ń mu omi díẹ̀ nígbà òjò, á sì tú u jáde bí ọjọ́ bá dára. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi á ṣì rí ọ̀nà wọlé, láti inú ilẹ̀ tàbí láti ojú ibi tó là, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìta á máa dán, inú á máa rọ̀. Tó bá yá, sìmẹ́ńtì náà á ya lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àwọn èèyàn á ní ilé ti gbó. Ilé ò gbó. Ẹ̀mí ni kò rí mí.

Ìdí nìyẹn tí ètò iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì: òrùlé ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ẹsẹ̀ ilé, lẹ́yìn rẹ̀ ògiri, lẹ́yìn rẹ̀ igi, kó tó wá kan ọ̀dà. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ìnáwó bá ń bọ̀ nínú ẹbí. Owó ọ̀dà yẹn, òjò kan péré ló máa fọ̀ ọ́ lọ.

Kí ẹ tó gbé òòlù

Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Kí birikila tó dé, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé tó sọ ohun mẹ́ta: iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó dáwó kò torí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí yàrá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kẹta yẹn. Òun ló máa ń gbé ẹbí dé kóòtù, bí ilé bá sì ti wọ kóòtù, kò sẹ́ni tó máa gun òrùlé lọ dí ihò títí ẹjọ́ á fi parí. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà nísàlẹ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sọ́tọ̀ fún àtúnṣe kí ẹ tó pín ìyókù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí bóyá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ohun ìrántí, ti kéde ilé náà. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, òfin 1979 tó dá àjọ náà sílẹ̀ kò gbà kí ẹ wó o, kí ẹ yí i padà tàbí kí ẹ kọ́ nǹkan kún un láì gba àṣẹ wọn. Èyí tí wọn kò kéde náà nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, bí iṣẹ́ bá máa kan ohun tó gbé ilé ró. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìkéde nìkan tó dáàbò bo ilé. Láti 1956 ni Ilojo Bar, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinubu Square, ti wà lórí ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Bí LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣọ́ bí ilé ṣe rí, bá fàmì sí ilé yín pé ó léwu, ẹ tètè wá ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tó sì mọ ògiri amọ̀. Òòlù ìdánwò tí wọ́n ń gbá mọ́ ara ògiri láti mọ agbára rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ńbà tó bá fi hàn lára ògiri amọ̀ kò túmọ̀ sí ohunkóhun, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní kíkọ.

Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, àti òdòdó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ ilé náà sórí ìwé, kí ẹ fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọjọ́ tí káfíńtà bá tú fèrèsé mọ́kànlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ ó mọ ìwúlò nọ́ńbà yẹn: kò sí méjì nínú wọn tó dọ́gba.

Òrùlé àti gọ́tà

Ẹ wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, ẹ pa iná, kí ẹ wo òkè. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ tún padà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí ibi tí omi ti wọlé kọ́ ló máa ń kán sí. Ó máa ń tẹ̀lé ẹkẹ lọ díẹ̀ kó tó já bọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Páànù tó dípẹtà lójú nìkan ṣì ṣeé lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀dà òrùlé kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ìka bá lè tì wọnú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Páànù tuntun gbọ́dọ̀ gun èkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìgun méjì (ìlà tó yọ sókè lára páànù), kí ti òkè sì bo ti ìsàlẹ̀ tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Orí ìgun ni ìṣó ń gbà wọlé, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń ṣàn gbà, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lẹ rà, ẹ má fi ìṣó irin lásán kàn án. Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ti òkun wá á mú kí alumíníọ̀mù jẹ yíká ojú ìṣó náà, ihò á sì fẹ̀.

Ẹ má gbà kí wọ́n gé etí òrùlé tó yọ síta kúrò, bó ti wù kí wọ́n sọ pé òde òní ni ti ilé tó fi ògiri bo òrùlé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Etí òrùlé yẹn ni agboòrùn ògiri amọ̀. Àjà tàbí páànù aláwọ̀ eérú tó ti pẹ́ lè jẹ́ asbẹ́stọ́ọ̀sì: ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má sì fọ́ ọ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ yọ ìṣó rẹ̀ kó lè bọ́ lódidi, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gọ́tà gbọ́dọ̀ dagun sí ọ̀nà páìpù ní 1 sẹ̀ǹtímítà fún mítà mẹ́ta mẹ́ta. Òjò Èkó kì í ṣe eré: páìpù ínṣì mẹ́rin ni kí ẹ lò. Ti ínṣì méjì tí wọ́n sábà máa ń fi sí i kì í gba omi náà tán, á kún kọjá etí gọ́tà, á máa na ògiri. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tàbí ewédò tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà lára ògiri, ẹ wo òkè rẹ̀ gan-an. Yálà gọ́tà dí, tàbí oríkèé páìpù là.

Ẹsẹ̀ ilé

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń rọ nǹkan lé orí ti tẹ́lẹ̀, débi pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ níbi púpọ̀ ní Erékùṣù. Yẹ̀pẹ̀ tó gun ara ògiri yẹn á máa fún un lómi tọ̀sán-tòru. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò títí ilẹ̀ ìta á fi rẹlẹ̀ ju ti inú lọ ní ó kéré tán 15 sẹ̀ǹtímítà. Mítà kan péré ni kí ẹ máa gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ parí rẹ̀, ẹ fò ó, ẹ gbẹ́ òmíràn, kí ẹ má baà tú ìpìlẹ̀ sílẹ̀ lódidi. Bí ẹ bá kan ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, ẹ ti gbẹ́ ẹ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún ìlà tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà lẹ́bàá ògiri. Ẹ má da kọnkéré tàbí íntálọ́ọ̀kì mọ́ ara ògiri: omi ilẹ̀ tí kò bá rí ọ̀nà yọ lójú ilẹ̀ á gba inú ògiri gòkè. Kí ilẹ̀ tó kù dagun kúrò lára ilé ní 5 sẹ̀ǹtímítà láàárín mítà méjì àkọ́kọ́, kí omi páìpù òrùlé sì máa lọ sí gọ́tà ìgboro, kì í ṣe sí ẹsẹ̀ ògiri.

Ògiri: níbo ni ọ̀rinrin ti wá?

Ọ̀rinrin tó dúró ní ìlà tó tẹ́ gbalaja, láti ilẹ̀ dé orúnkún tàbí dé ìbàdí, tí iyọ̀ funfun sì wà ní etí rẹ̀ lókè, láti inú ilẹ̀ ló ti wá. Èyí tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ti òrùlé ni. Èyí tó dá wà ní ojú kan, ẹ wá páìpù ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ògiri yíká fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń jáde. Bó bá wà lójú ọ̀rá, ọ̀rinrin ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ yàrá, fèrèsé ló yẹ kí ẹ máa ṣí.

Bí sìmẹ́ńtì bá ti wà lára ògiri náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀, ibi tí kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ. Ẹ fi òòlù kékeré àti ìrin gbẹ́ ẹ wẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ. Bó bá ń bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bó bá di amọ̀ tàbí bíríkì mú débi pé ó ń fa òun náà ya, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó bá lágbára, ẹ yọ kìkì ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo bí ẹ bá kàn án. Ìbínú lásán ni kí ẹ torí sìmẹ́ńtì ya ògiri tó ṣì dúró.

Kí ẹ wá jẹ́ kí ògiri gbẹ. Oṣù kan fún ínṣì kan ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ṣírò, ògiri tó nípọn tó 18 ínṣì lè gbà ju ọdún kan lọ. Ibí ni sùúrù ti ń tán. Ẹ lè máa gbé inú ilé náà lọ ní tiyín, ẹ kàn má tíì rẹ́ ẹ.

Ibi tí amọ̀ bá ti jẹ wọnú, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí i. Ẹ ro amọ̀ pupa tó jọ ti ògiri náà pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹ ti gé kékeré, ẹ fi ṣe bíríkì, ẹ sá a nínú òjìji títí á fi gbẹ dénú, kí ẹ sì fi amọ̀ kan náà tò ó. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì le ju amọ̀ tó yí i ká lọ. Kò ní bá a rìn, ojú àlà á là.

Bí ẹ ṣe ń po láìmù, tí ẹ sì ń fi rẹ́ ilé

1. Ẹ ra láìmù àpò tí kò tíì pẹ́. Ẹ bu ṣíbí kan, ẹ kán fínígà sí i. Bó bá hó púpọ̀, afẹ́fẹ́ ti sọ ọ́ di ẹfun lásán, kò ní dì mọ́. Ẹ dá a padà. Ẹ da láìmù tó dára sínú dírọ́ọ̀mù oníke tó ní omi, ẹ rò ó, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ọjọ́ kan ni ó kéré jù, oṣù kan ló dára jù. Bó bá jẹ́ láìmù tí kò tíì kan omi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iná ìsun wá, lẹ rí, láìmù lẹ ó máa fi sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé e láé: á hó, á sì ta sí yín lójú. Gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe àṣejù. Bó bá kán sójú ẹnikẹ́ni, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù.

2. Yanrìn tó ní eérún ńlá àti kékeré ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ bù ú sínú ìgò, ẹ bu omi sí i, ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ẹrẹ̀ tó dúró lókè bá ju ìdá kan nínú ogún yanrìn náà lọ, ẹ fọ yanrìn náà.

3. Garawa láìmù kan sí garawa yanrìn mẹ́ta. Ẹ fi igi gún un fún ìṣẹ́jú 20, omi díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un. Á kọ́kọ́ gbẹ lójú, àwọn ọmọ iṣẹ́ á fẹ́ da omi sí i. Ẹ dá wọn dúró, gígún ló máa mú un rọ̀. Ẹ fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, ẹ lè fi ìdajì garawa bíríkì sísun tí ẹ ti lọ̀ kúnná sí i. Èyí ló ń ràn án lọ́wọ́ láti dì nínú ọ̀rinrin Èkó. Èyí tí ẹ bá ti fi bíríkì sí, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ gbá eruku ògiri kúrò, ẹ wọ́n omi sí i títí kò fi ní tètè mu mọ́. Ìrẹ́lé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ fi nǹkan onímú ha á ní ìlà tó kọjá lórí ara wọn kí èkejì lè rí ohun dì mú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí èékánná tó má lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbà yẹn lẹ ó tún wọ́n omi, kí ẹ tó rẹ́ ìkejì, 1 sẹ̀ǹtímítà náà ni. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ẹ fi pákó rá a yíká, kí àwọn ojú tó là wẹ́wẹ́ lè pa dé. Ìkẹta, ti ojú, 3 mílímítà péré ni, láìmù kan sí yanrìn kúnná méjì.

5. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Nígbà ọyẹ́, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Bó bá là wẹ́wẹ́ káàkiri, ó nípọn jù tàbí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá ń bọ́ bí ẹ bá fọwọ́ rá a, oòrùn ló gbẹ ẹ kó tó dì. Bó bá ya lulẹ̀ lódidi, wọn kò rin ògiri, tàbí wọn kò ha èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé birikila á fi sìmẹ́ńtì “díẹ̀” sí i nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀, kó lè tètè dì. Kò burúkú lóòótọ́, ohun tó mọ̀ ló ń ṣe, iye mítà tó bá rẹ́ la sì fi ń sanwó fún un. Ẹ sanwó ojúmọ́ fún un, kí ẹ sì má ra sìmẹ́ńtì wá sí ibi iṣẹ́ rárá.

Ibi tó là àti igi tó hù

Kì í ṣe gbogbo ògiri tó lanu ló ń wó. Èyí tí kò tó 1 mílímítà, àfín láìmù (láìmù olómi tí a fi ń kun ògiri) á dí i. Láti 1 dé 5, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ síta, ẹ wọ́n omi, ẹ fi láìmù kan sí yanrìn kúnná méjì tì í wọnú. Èyí tó bá ju 5 lọ, tó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tó gba igun fèrèsé lọ ní dídagun, ẹ kan ìṣó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ wọn àárín wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ tún un wọ̀n lóṣooṣù fún ọdún kan. Bó bá ń fẹ̀ ní àkókò kan nínú ọdún tó sì ń pa dé ní àkókò mìíràn, ilẹ̀ ló ń mí. Bó bá ń fẹ̀ nìkan, ẹ pe ẹnjiníà. Bí ògiri bá ti yọkùn síta, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n rárá: ẹ kó àwọn èèyàn kúrò, kí ẹ fi igi tì í.

Ẹyẹ àti àdán ló ń gbé èso ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ wá sínú ojú tó là. Ẹ má fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ á fa bíríkì jáde. Ẹ gé e mọ́ ara ògiri, ẹ fi oògùn apagi kun kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kú dénú kí ẹ tó tú ibẹ̀ ṣe.

Igi, fèrèsé àti ilẹ̀ òkè

Ẹ wo ọ̀nà amọ̀ tí ikán ń là lára ògiri àti lẹ́yìn férémù. Ẹ ha apá kan kúrò, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti tún un kọ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pe àwọn tó ń fi oògùn pa wọ́n láti inú ilẹ̀, nítorí èyí tí ẹ bá fín sára igi nìkan kò kan ilé wọn. Orí igi tó wọnú ògiri ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un, ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kàn án: igi tó yè á dún, èyí tó ti kú á dákẹ́.

Ìwọ̀nba ni kí ẹ gé. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ férémù fèrèsé nìkan ló jẹrà, ẹ gé e títí dé ibi tí ọ̀bẹ kò ti lè wọlé mọ́, ní dídagun, kí gígùn ojú ìsopọ̀ náà tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn igi. Ìrókò, apá tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ tó ti gbẹ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Tútù á lọ́, fèrèsé kò sì ní pa dé mọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi dè é. Pákó àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ le ju ọ̀pọ̀ èyí tó wà ní ọjà pákó lónìí, nítorí náà ẹ má ta fèrèsé àtijọ́ fún ẹni tó bá wá pẹ̀lú fèrèsé alumíníọ̀mù.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré rọ́pò ilẹ̀ pákó ti òkè. Kọnkéré tó nípọn tó 15 sẹ̀ǹtímítà wúwo tó 360 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó, kó tó kan àwọn tó máa dúró lé e. Wọn kò kọ́ ògiri amọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Òdòdó, etí òkè ilé àti irin

Bí òdòdó ojú fèrèsé kan bá bọ́, wá èyí tó jọ ọ́ tó ṣì dára. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lójú, ẹ tẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ọn kó gba àwòrán rẹ̀, ẹ yọ ọ́ wẹ́rẹ́, kí ẹ wá da láìmù kan sí yanrìn kúnná méjì sínú amọ̀ náà ní ìpele-ìpele. Fún etí gígùn tó yí òkè ilé ká, ẹ gé àwòrán etí náà sára páànù pẹlẹbẹ, ẹ kàn án mọ́ pákó, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí igi tó tọ́ títí etí náà á fi jáde. Ẹ tọ́jú èyí tó bọ́, kódà bó bá fọ́. Òun ni ẹ̀rí.

Irin ọwọ́ bálíkónì tó ń dípẹtà máa ń wú, á sì fọ́ ohun tó dì í mú. Ẹ ha á mọ́, ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún kí òru tó mú un, kí ẹ sì fi láìmù dí ojú ihò rẹ̀.

Àfín láìmù dípò ọ̀dà

Ọ̀dà olóròóró, ọ̀dà oníyanrìn tó nípọn àti táìsì ojú ilé, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń dé omi mọ́lẹ̀. Ẹ po láìmù tó ti rẹ kan pẹ̀lú omi mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ sẹ́ ẹ, kó ṣàn bíi mílíìkì tútù. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo láìmù gbígbẹ lọ ni kí ẹ fi sí i. Ẹ rin ògiri, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó kọ́kọ́ máa dà bí ẹni pé kò bo nǹkan kan; ẹ má bínú kùn ún nípọn, á ṣí. Ó di ọjọ́ kejì kó tó funfun. Ìkùn mẹ́rin sí márùn-ún, ọjọ́ kan láàárín wọn.

Ohun tí àwọn tó kọ́ ọ kò mọ̀

Táǹkì tó gba 1,000 lítà omi wúwo tó tọ́ọ̀nù kan bó bá kún. Orí irin tirẹ̀ ní àgbàlá ni àyè rẹ̀, kò gbọdọ̀ wà lórí àjà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó lórí ilẹ̀ pákó tàbí fara kan ògiri, èéfín rẹ̀ sì ń pààyàn. Omi tó ń kán láti ara éákọ̀n gbọ́dọ̀ ní páìpù tirẹ̀ tó ń gbé e lọ sí gọ́tà. Wáyà iná tó ti ju 30 ọdún lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, ẹ fi páìpù bò ó níbi tó bá kan igi, kí bọ́tìnì tó ń pa iná fúnra rẹ̀ sì wà fún ìpele ilé kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kan nínú ilé náà

Oṣù Kejì sí Ìkẹta: ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, ẹ da garawa omi sí i kí ẹ rí i pé ó ń jáde nísàlẹ̀, ẹ wo orí ìṣó páànù. Oṣù Karùn-ún sí Ìkeje: ẹ wọ inú àjà lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò ńlá, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ìdákẹ́ òjò inú oṣù Kẹjọ ni fífọ gọ́tà ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó padà. Oṣù Kọkànlá: ẹ wọn ojú ìṣó tí ẹ kàn sí ibi tó là, ẹ wá ọ̀nà ikán, ẹ gé igi tó bá hù. Láti oṣù Kejìlá sí Ìkejì ni iṣẹ́ láìmù, ní ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kò sí ní wákàtí náà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ń bẹ nínú ilé, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan.